John Newton, Oníṣòwò Ẹrú tí Ó Rí Ìdáríjì Gbà

Bí àwa ọmọ ìlú yìí bá péjọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìbáà ṣe nílé níhìn-ín, tàbí ní Èkó, tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó túká kí ẹnìkan má dá orin oore-ọ̀fẹ́ nì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Amazing Grace. Orin náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa; àwọn tí ó mọ ẹni tí ó kọ ọ́ ni kò pọ̀. Ẹni náà ni John Newton. Ó ra ènìyàn dúdú ní etíkun ilẹ̀ Áfíríkà, ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n sínú ọkọ̀, ó sì tà wọ́n ní òdìkejì òkun bí ẹni ta ẹran ọ̀sìn. Kò tọ́ kí a máa kọ orin rẹ̀ láìmọ èyí. Kò sì tọ́ kí ẹni tí ó mọ èyí nìkan pa orin náà tì kí ó tó gbọ́ ìyókù.

Wapping, lẹ́bàá odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, ni a ti bí i ní oṣù Keje ọdún 1725. Ọ̀gá ọkọ̀ ni bàbá rẹ̀. Òkun Mẹditaréníà ni ó ti ń ṣòwò, kì í sì í gbélé. Ọwọ́ ìyá ni ọmọ náà wà. Obìnrin olùfọkànsìn ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le. Ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìyá ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ó kọ́ ọ ní katikísìmù àti orin mímọ́, ìrètí rẹ̀ sì ni pé yóò di oníwàásù lọ́jọ́ kan. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa obìnrin náà ní 1732, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ pé ọdún méje. Bàbá fẹ́ aya mìíràn, aya náà bí ọmọ tirẹ̀, John sì di ẹni tí a kò bìkítà fún. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá mú un wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun.

Mélòó ni kí a kà nínú ìwàkiwà ìgbà èwe rẹ̀? Ó ń gbààwẹ̀ lónìí, ó ń ṣépè lọ́la. Ìfẹ́ ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Catlett, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè ní Polly, wọ̀ ọ́ lọ́kàn ní òpin ọdún 1742, ó sì di ohun kan ṣoṣo tí ó ń kó o níjàánu. Ní 1744, àwọn tí ń fi ipá kó ènìyàn sínú ọkọ̀ ogun ọba mú un lójú pópó bí ẹni mú adìẹ. Nínú ọkọ̀ ogun náà, tí a ń pè ní Harwich, ó bá aláìgbàgbọ́ kan pàdé, ó sì kọ ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ó sá, wọ́n mú un. Wọ́n dè é, wọ́n nà án ní ìhòòhò níwájú gbogbo atukọ̀, wọ́n sì gba ipò rẹ̀. Ìkorò ọkàn rẹ̀ pọ̀ dé ibi pé ó ń gbèrò láti pa ọ̀gá ọkọ̀ kí ó sì pa ara rẹ̀. Ní erékùṣù Madeira, ní 1745, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún atukọ̀ inú ọkọ̀ kan tí ń lọ sí etíkun Guinea, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó rò pé ibi tí ẹnìkan kò ti mọ òun ni òun yóò ti lè dẹ́ṣẹ̀ bí ó ti wu òun.

Ibi tí ó gúnlẹ̀ sí ni ilẹ̀ Sàró. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó lọ ń sin òyìnbó oníṣòwò ẹrú kan tí ó tẹ̀dó sí erékùṣù Plantain. Òyìnbó yìí ní aya kan, obìnrin dúdú tí ó jẹ́ ènìyàn pàtàkì ní agbègbè náà, obìnrin náà kò sì fẹ́ràn Newton rárá. Nígbà tí ibà dá Newton dùbúlẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti bá òwò lọ, obìnrin náà fi í sílẹ̀ lórí ẹní, pẹ̀lú ìtì igi fún ìrọ̀rí. Kódà omi tútù láti mu di ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí inú obìnrin náà bá dùn, a fi àjẹkù inú àwo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Lóru, yóò jáde lọ wú gbòǹgbò nínú oko, a sì jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni ó ní. Orí àpáta etí òkun ni ó ti ń fọ̀ ọ́, yóò sì wọ̀ ọ́ kí ó tó gbẹ.

Èyí tí n kò lè gbàgbé nínú ìtàn yìí nìyí. Àwọn ẹrú wà ní erékùṣù náà nínú ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn kò tó wọn jẹ. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń bù nínú oúnjẹ wọn ní ìkọ̀kọ̀ fún òyìnbó tí ebi ń pa kú lọ, wọ́n sì mọ̀ pé ìyà ni èrè àwọn bí wọ́n bá rí wọn. Newton fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé. A kò mọ orúkọ ẹyọ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bọ́ ọ, ó yè, ọkọ̀ sì kó wọn lọ.

Ní erékùṣù yìí kan náà ni ọ̀gá rẹ̀ ti fi í ṣẹ̀sín lọ́jọ́ kan tí ó ń gbin igi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ní bóyá kí igi wọ̀nyẹn tó so, Newton yóò ti lọ sí Ìlú Ọba, yóò ti di ọ̀gá ọkọ̀, yóò sì padà wá ká èso wọn. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí níkẹyìn: ó padà wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀, ó sì ká nínú àkọ́so igi náà. Ẹrú ni ọkọ̀ rẹ̀ wá kó.

Ní 1747, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Greyhound rí i ní etíkun náà. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan ní Liverpool ni ó ni ọkọ̀, ó sì ti ní kí wọ́n wá a. Wúrà, eyín erin, igi osùn àti ìda oyin ni wọ́n ń kó. Nínú ọkọ̀ yìí ẹnu Newton burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ọkọ̀, tí kì í ṣe ènìyàn mímọ́ rárá, fi bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé Jónà ni òun gbé sínú ọkọ̀. Lójú agbami Òkun Àtìláńtíìkì, ní òru ọjọ́ tí a kà sí 21 oṣù Kẹta ọdún 1748 lónìí, ìjì dé. Omi ya wọ ibi tí Newton sùn sí. Bí ó ti fẹ́ gòkè, ọ̀gá rán an padà kí ó lọ mú ọ̀bẹ wá. Ẹni tí ó gòkè ní ipò rẹ̀ ni omi gbé lọ. Omi ti fọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà. Bí kò bá ṣe pé igi àti ìda tí wọ́n kó fúyẹ́ ju omi lọ, ọkọ̀ ìbá ti rì. Wọ́n fi okùn so Newton mọ́ ibi tí ó ti ń fa omi jáde, ó sì ń fà á láti òru títí di ọ̀sán. Bí ó ti ń parí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan fún ọ̀gá ọkọ̀, ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ wí pé bí iṣẹ́ náà kò bá ràn wọ́n lọ́wọ́, kí Olúwa ṣàánú fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà bà á lójijì. Láti ọdún pípẹ́ ni kò ti bèèrè àánú, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè irú àánú wo ni ó lè wà fún irú òun.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n fìdí ọkọ̀ tí ó lu jára wọ́ lórí omi, ẹja oníyọ̀ díẹ̀ sì ni oúnjẹ wọn. Newton ń ka Májẹ̀mú Titun. Ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú Ìhìn Rere Lúùkù dá a dúró. Ó rí i pé bàbá náà kò dúró títí ọmọ yóò fi wẹ òórùn ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lára kí ó tó sáré lọ dì mọ́ ọn. Ní 8 oṣù Kẹrin wọ́n dé èbúté Lough Swilly ní ilẹ̀ Áyálándì, nígbà tí oúnjẹ tí ó kù fún wọn ń hó lórí iná. Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n gúnlẹ̀ tí ẹ̀fúùfù fi tún dìde, èyí tí ìbá rì wọ́n. Láti ọdún náà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, Newton kò jẹ́ kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta kọjá láìṣe é ní ọjọ́ àdúrà àti ọpẹ́.

Bí oníwàásù bá ń sọ ìtàn yìí, ibí ni ó sábà máa ń dákẹ́ sí: ìjì jà, ẹlẹ́ṣẹ̀ yípadà, ó kọ orin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Newton tún bá ọkọ̀ ẹrú lọ sí Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi padà sí ìwà àtijọ́, àfi ìgbà tí ibà tún dá a wó ní erékùṣù Plantain tí ó ti jìyà rí. Ó rá lọ sí ibi kọ́lọ́fín kan, ó sì fi ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láìní nǹkankan láti fi tọrọ. Ó fẹ́ Polly ní 1 oṣù Kejì ọdún 1750. Láti ọdún náà títí di 1754, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Duke of Argyle, àti òmíràn tí wọ́n sọ ní African. Ní ọjọ́ Ìsinmi a máa kó àwọn atukọ̀ rẹ̀ jọ fún ìsìn lórí ọkọ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn tí ó rà wà nínú ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti ọdún 1752, ó kọ ọ́ pé òun fi irin de àwọn ọmọdékùnrin kan, òun sì fi irin fún wọn ní ìka kí wọ́n lè jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀tẹ̀ kan. Ní àkókò kan náà ó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí aya rẹ̀, ó ń ka Bíbélì, ó sì ń gbàdúrà tọkàntọkàn.

Kí ni a ó wí sí èyí? Àwọn kan wí pé àgàbàgebè ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó burú ju àgàbàgebè lọ ni: ojú rẹ̀ kò là. Òwò tí gbogbo ìlú ń ṣe, tí ọba ń gba owó orí rẹ̀, tí àlùfáà kò bá wí, kò rí i ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣé kò sí irú rẹ̀ láàrín àwa náà? Ẹni tí ó mọ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó ni ó ń dáná sun ìlú tí ó sì ń kó àwọn ará ìlú lọ sí etíkun. Àwọn jagunjagun wa ni, a sì ń ki wọn títí di òní.

Kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn ni ó mú Newton kúrò nínú òwò náà. Àìsàn ni. Ní ìparí ọdún 1754, ó ku ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ rẹ̀ tún ṣí, ó jókòó ti aya rẹ̀, wọ́n ń mu tíì, gìrì sì gbé e ṣubú. Àwọn oníṣègùn ní kí ó má lọ. Ṣáájú èyí, ní ọdún kan náà, ó ti bá ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Alexander Clunie pàdé ní erékùṣù St Kitts. Ọkùnrin yìí ni ó là á yé e pé ìgbàlà kò dúró lé bí ìfọkànsìn rẹ̀ ti gbóná tó ní òwúrọ̀ tàbí bí ó ti tutù tó ní alẹ́. Májẹ̀mú Ọlọ́run ni ó dúró lé. Títí di ìgbà náà ńṣe ni Newton ń ṣe ẹ̀sìn bí ẹni ń san gbèsè. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé òun kò lè pe ara òun ní onígbàgbọ́ ní kíkún títí ó fi pẹ́ lẹ́yìn ìjì ọdún 1748.

Ó di oníbodè ní èbúté Liverpool ní 1755. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè Gíríìkì àti Hébérù fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń wá ọ̀nà àtidi àlùfáà tí wọ́n ń kọ̀ fún un, kí Bíṣọ́ọ̀bù Lincoln tó fi í joyè ní 1764, tí wọ́n sì rán an sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Olney. Tálákà ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà, àwọn tí ń fi ọwọ́ hun léèsì fún owó táṣẹ́rẹ́. Wọ́n kún ilé ìjọsìn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti kọ́ àgbékà ìjókòó mìíràn sí i.

Akéwì ńlá kan, William Cowper, kó wá sí Olney ní 1767 nítorí Newton. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin fún ìjọ. Ní 1 oṣù Kínní ọdún 1773, Newton wàásù lórí àdúrà Dáfídì nínú Ìwé Kíníní Kíróníkà, orí kẹtàdínlógún, níbi tí ọba náà ti ń bi Ọlọ́run léèrè pé ta ni òun àti ilé òun tí ó fi mú òun dé ibi tí òun dé. Orin oore-ọ̀fẹ́ nì ni ó kọ tẹ̀lé ìwàásù yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn kan náà ni ọkàn Cowper dàrú. Ó dá a lójú pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀ títí láé, òun nìkan láàrín gbogbo aráyé. Ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Newton gbà á sínú ilé rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Kò bá a jà, kò sì lé e. Ọkùnrin tí ó ta ènìyàn gbà pé a ti dárí ji òun. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi kò lè gbà á gbọ́. Cowper kú ní 1800 láìbọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù náà. Mo ti ronú lórí àwọn méjèèjì nígbà púpọ̀, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Ìwé orin wọn jáde ní 1779, orin 348 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí Cowper kọ nínú rẹ̀ sì ju 60 lọ.

Ní 1780 ni Newton lọ ṣe àlùfáà ní St Mary Woolnoth ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1785, ọ̀dọ́mọkùnrin aṣòfin kan, William Wilberforce, yọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yípadà ni, ó sì ń rò pé bóyá kí òun fi ìṣèlú sílẹ̀ láti sin Ọlọ́run. Newton gbà á níyànjú kí ó dúró sí ipò rẹ̀, nítorí Ọlọ́run lè ní iṣẹ́ fún un níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ kí ó tó hàn: ìjàkadì láti pa òwò ẹrú rẹ́.

Ìgbà yìí ni ojú Newton wá là tán, ó sì kọ ohun tí kò kọ rí. Ní 1788 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí òwò ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti kọjá láti ìgbà tí ó ti fi ọkọ̀ ẹrú sílẹ̀. Kò bo ara rẹ̀ láṣírí. Ó jẹ́wọ́ pé ìjẹ́wọ́ òun pẹ́ jù, pé ohun tí ń mú ọkàn òun gbọ̀n ni òun fi ọwọ́ ara òun ṣe. Ó kọ bí wọ́n ti ń to àwọn ènìyàn sínú ọkọ̀ bí ìwé tí a tò sórí pẹpẹ, tí ẹni tí a so pọ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kò lè yí ara padà. Ó kọ nípa kòbókò, àti nípa ohun tí wọ́n ń fi ojú àwọn obìnrin rí. Ó tún jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba. Àwọn oníṣòwò kò lè pè é ní aláìmọ̀kan tàbí òpùrọ́, nítorí ọ̀kan nínú wọn ni ó ti jẹ́.

Bí ọkàn mi bá ń bínú sí Newton, nítorí ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wọ̀nyí ni. Ọlọ́run kò dúró títí yóò fi jẹ́wọ́ ohun gbogbo kí ó tó gbà á. Bí ó bá dúró ni, ta ni ìbá gbà? Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tà kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ náà, wọ́n wà ní oko ìrèké, tàbí ní ìsàlẹ̀ òkun. Newton mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ rí pé òun ti san gbèsè náà. Ó gbà pé ẹlòmíràn ni ó san án, ó sì lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ láti máa jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀.

Okùn kan so ìtàn yìí mọ́ ilẹ̀ wa. Newton wà nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ ìjíròrò àwọn àlùfáà kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1783. Láti inú ìjíròrò wọn ni ẹgbẹ́ CMS ti jáde ní 1799. Ẹgbẹ́ yìí ni ó rán ìhìnrere lọ sí Sàró ní 1804, àti sí Badagry àti Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà. Nígbà tí a sì kó Àjàyí, ọmọ Ọ̀ṣọ́ogùn, lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ òkun nítorí òfin ọdún 1807 ni ó gbà á lọ́wọ́ àwọn Pọtogí ní oṣù Kẹrin ọdún 1822. Freetown ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, ní etíkun kan náà tí àwọn ẹrú ti bọ́ Newton. Àjàyí yìí ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864.

Polly kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1790, àárẹ̀ jẹjẹrẹ ni. Newton wàásù níbi ìsìn ìrántí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dàgbà, ojú rẹ̀ ṣú, ọ̀rọ̀ a sì máa fò ó lórí lórí pẹpẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó sinmi, ó kọ̀, ó ní kí oníṣọ̀rọ̀-òdì àtijọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà má ṣe dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì lè fọhùn. Nígbà tí ìrántí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ohun méjì ni ó ní òun kò gbàgbé: pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ńlá ni òun, àti pé Olùgbàlà ńlá ni Kírísítì.

Ní 25 oṣù Kẹta ọdún 1807, ọba fi ọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí òwò ẹrú láàrín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Newton gbọ́ kí ó tó kú. Ó kú ní 21 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ẹni ọdún 82. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ti kọ ohun tí a ó kọ sára òkúta ìrántí rẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní aláìgbàgbọ́ àti oníwàkiwà ìgbà kan rí, tí ó ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn ẹrú ní Áfíríkà, tí àánú Jésù Kírísítì pa mọ́, tí ó mú bọ̀ sípò, tí ó dárí jì, tí ó sì yàn láti wàásù ìgbàgbọ́ tí ó ti làkàkà láti bàjẹ́. Ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn St Mary Woolnoth ni a sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Polly. Ní 1893, a hú egungun àwọn méjèèjì, a sì lọ tún wọn sin ní ọgbà ilé ìjọsìn Olney, níbi tí ibojì wọn wà di òní.